Ìjàpá omi tí wọ́n ní "a ti fún un ní oògùn": ṣé ó yẹ fún ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò jẹ́ kí n gbádùn, ó lóun fẹ́ sin ẹranko. Ajá ń gbó, ológbò ń ha nǹkan, mi ò lágbára wàhálà yẹn. Mo ti rí ìjàpá omi kékeré kan tó gba àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ń tà á ní òun ti fún un ní oògùn apakòkòrò, kò lè kó àrùn ran ọmọ mọ́, pé kì í sì í dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún ní ọmọ oṣù mẹ́jọ nílé. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa tọ́jú ìjàpá náà fúnra ẹ̀, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó nǹkan. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á, ìyá wa.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n dárúkọ ẹranko mìíràn kíákíá. A ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "a ti fún un ní oògùn" yìí ti sú mi í gbọ́, irọ́ ni, àwọn ọmọdé ló sì ń jìyà rẹ̀.

Salmonella ni kòkòrò àrùn tí à ń sọ. Inú ìfun ìjàpá ló ń gbé, kò sì ní pa ìjàpá náà lára. Èyí tó ń jẹun dáadáa, tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, tójú rẹ̀ mọ́ kedere, lè ní in lára. Kòkòrò náà máa ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde sínú omi, omi á sì fi kan gbogbo ara rẹ̀. Kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń jáde. Ó lè jáde lónìí, kó dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ní "kò sí" kò fi fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Mo lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò lónìí kí n má rí nǹkan kan, kí ọmọ yín kó o lọ́la.

Oògùn wá ńkọ́? Àwọn tó ń sin ìjàpá tà ní Amẹ́ríkà ti ṣe é rí, wọ́n sì ṣe é ju ti ẹni tó fẹ́ tà fún yín lọ. Ẹyin ìjàpá ni wọ́n ń rì bọ inú oògùn gentamicin kó tó pa. Ọmọ ìjàpá tó bá jáde á dà bí èyí tó mọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, kòkòrò á tún yọjú, òmíràn nínú wọn á sì ti di èyí tí gentamicin kò ràn mọ́. Oògùn pa àwọn tó rọ̀, ó fi àwọn olórí kunkun sílẹ̀. Gentamicin yìí kan náà wà lára oògùn tí wọ́n ń lò fún ìkókó tó bá ń ṣàìsàn gidi. Nítorí náà, ẹni tó ń bu àńtíbáyótíìkì sínú omi ìjàpá kò tọ́jú ìjàpá, kò sì dáàbò bo ọmọ ẹnikẹ́ni.

Láti ọdún 1975 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de títa ìjàpá tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá gùn tó íǹṣì 4, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Kì í ṣe pé èyí tó tóbi kò ní kòkòrò o. Kékeré ni ọmọdé ń rí fi sẹ́nu, wọ́n sì ń fi í sẹ́nu lóòótọ́. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tiẹ̀ lè má fọwọ́ kan ìjàpá náà rárá. Ẹ ṣáà ti fọ àpótí dígí rẹ̀ nínú síǹkì tí ẹ ti ń ṣan fídà ọmọ, ó tán. Àgbàlagbà lè fi ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun àti ibà ọjọ́ mélòó kan lọ. Ti ìkókó lè wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè dé ọpọlọ. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà, ìjàpá, aláǹgbá, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ kò gbọdọ̀ wọbẹ̀.

Pé kì í dàgbà? Èyí tó ní ìlà pupa lẹ́yìn ojú, tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ó sì lè lo ju 20 ọdún láyé. Ó nílò ibi tí á ti máa jáde kúrò nínú omi yáná, àti oòrùn tàbí iná UVB, iná tó ń ṣe bí oòrùn. Láìsí ìyẹn, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ kò ní dé inú egungun rẹ̀. Mo ti fìka tẹ èèpo ẹ̀yìn ìjàpá tó wọlé bíi ike rọ́bà, tí olówó rẹ̀ sì ń sọ fún mi pé ọmọdé ni, á le tó bá yá. (Ti inú àlọ́ ló gbọ́n o. Èyí tó wà nínú dígí kò lè kígbe pé egungun òun ń rọ̀.)

Ó ku ọ̀rọ̀ pé kí ọmọ máa tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dá tọ́jú ẹranko kankan. Ó lè bá yín tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin lẹ ó máa palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́. Tí kò bá wù yín, ẹ má mú un wọlé.

Ehoro ńkọ́? Kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun; tó bá ta ìpá lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán. Hamster, eku kékeré tí wọ́n ń sìn nílé, ń sùn lọ́sàn-án, ó ń gé ẹni tó bá jí i jẹ. Odídẹrẹ́ lè lo 40 ọdún, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, sì ti dènà òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè láti 2017. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, guinea pig ni, eku ńlá tí kò nírù yẹn. Kì í sábà géni jẹ. Méjì ni kí ẹ mú, abo méjì, nítorí kò lè dá gbé. Koríko gbígbẹ ni kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ̀fọ́ tó ní fítámìn C sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, torí ara rẹ̀ kì í ṣe é fúnra ẹ̀. Kí ọmọ jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó tó gbé e lé itan, kí àgbà wà níbẹ̀, kí ọmọ fọ ọwọ́ tó bá ṣe tán, nítorí guinea pig náà lè ní kòkòrò. Kí ìkókó má sún mọ́ ọn. Tó bá ṣàìsàn, ẹ má fún un ní amoxicillin tó ṣẹ́kù nílé. Ó ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á. Tí ọmọ bá ní ikọ́ fée, eruku koríko lè ru ú sókè, ẹ bi dókítà rẹ̀ ná. Èmi ò rí ọmọ yín.

Tí ẹ bá ti ra ìjàpá náà kí ẹ tó ka èyí, ẹ má lọ dà á sínú odò. Ó ń lé àwọn ìjàpá odò kúrò nílé wọn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kí wọ́n má kó o wọlé mọ́ ní 1997. Ẹ dá a padà, tàbí kí ẹ wá dókítà ẹranko tó mọ ìtọ́jú ìjàpá. Kì í ṣe gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kó tó dìgbà yẹn, yàrá tí ìkókó kì í wọ̀ ni kó wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni kí ẹ máa da omi rẹ̀ sí. Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ń gbóná tàbí tó ń ṣu gbuuru, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé ìjàpá wà nílé. Wọ́n lè má rántí bi yín.