Ewúro odò: bí a ṣe ń gbìn ín sílé, àti ibi tí kò yẹ ká ti já a

Ẹ bèèrè ohun méjì: ìdí tí ewúro odò tí ẹ hú wálé láti ẹ̀bá omi ní Ẹlẹ́yẹlé fi gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àti bóyá èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá omi náà ṣeé já sọ́bẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbìn ín n'Íbàdàn níbí, ojú mi sì ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka òun àti ewúro ilé sí, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra rárá. Igi ni ewúro ilé, ó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ewéko kékeré ni ewúro odò, tí wọ́n ń pè ní Struchium sparganophorum, inú omi sì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ẹ wo ọ̀pá rẹ̀ dáadáa: ó rọ̀, omi kún inú rẹ̀, oríkèé tó bá sì ti kan ẹrẹ̀ yóò ti yọ gbòǹgbò tín-ín-rín. Ibi tí ewé ti so mọ́ ọ̀pá gan-an ni òdòdó rẹ̀ ń ṣù jọ sí, ó funfun, kò sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Àmì tí mo fi ń dá a mọ̀ láàárín koríko àbàtà nìyẹn.

Nítorí pé oríkèé rẹ̀ ń yọ gbòǹgbò fúnra rẹ̀, ẹ má hú u mọ́. Ẹ gé orí ẹ̀ka tí kò tíì tanná, bí ínǹṣì 6 sí 8, ẹ ré ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ki oríkèé méjì bọ inú ẹrẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ìbòòji. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dára jù lójú tèmi. (Àwọn kan a máa gbìn ín síbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí; èmi kò fọwọ́ sí i.) Ẹni tí kò ní ilẹ̀ olómi lè gé orí kẹ́ẹ̀gì òróró kúrò, kó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò ìdí, kí omi lè máa dúró nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á jù: láti oṣù kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó máa bomi rin ín, bí ẹ kò bá sì ní kànga, owó omi yóò ju owó ẹ̀fọ́ lọ.

Ní ti èyí tó wà lẹ́bàá omi, ẹ kọ́kọ́ tọ ipa omi náà lọ sókè kí ẹ tó já ewé kan. Mo ní àkùrọ̀ kan lẹ́bàá odò kékeré kan kí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó dé. Nígbà tí omi fà, ike, àkísà àti àfọ́kù bátìrì ọkọ̀ ló kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewúro odò tún hù láàárín wọn, ó tutù yọ̀yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà mi ní Bódìjà ń bẹ̀ mí pé kí n kó o wá, n kò sì gbà. Òjé inú bátìrì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ẹ̀fọ́ a sì máa fà á mu. Fífọ̀ àti sísè kò lè yọ èyí tó ti wọ inú ewé, àwọn ọmọdé ló sì ń ṣe ní jàǹbá jù, nítorí ọpọlọ wọn ló ń bá jà. Ìdọ̀tí ṣáláńgá tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun tiẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí iná lè pa kòkòrò rẹ̀ bí ẹ bá sè é jinná.

Bí ẹ bá rí ilé mẹkáníìkì, ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì tàbí àkìtàn lókè omi náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́jà, kó bá yín ṣa èyí tó ṣì ní ọ̀pá, kí ẹ sì ti inú omi ife mú un hù. Bí kò bá dá yín lójú pé òun ni, ẹ mú ẹ̀ka tó ní òdòdó lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko sí ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, kí wọ́n bá yín wò ó.