Àǹtí, ọkọ mi ní a ti sanwó gbogbo ẹ̀, kò sì bá mi jáde rárá

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà ẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ lóhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ṣókí fáwọn tó kù. Ìwọ àti ọkọ ẹ pé ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti fẹ́ra, Lọ́ńdọ̀nù lẹ̀ ń gbé, òun ń wa bọ́ọ̀sì, ìwọ ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ, ẹ wá gbéra lọ sí Negril ní Jàmáíkà lóṣù Kejì fún ọjọ́ méje, òtẹ́ẹ̀lì àsanpọ̀ yẹn, èyí tó jẹ́ pé tó o bá ti sanwó lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ, ọtí, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n á so báńdì mọ́ ẹ lọ́wọ́, ó parí. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ ẹ ti wà ní báà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pool, tó bá fi máa dọ̀sán ó ti sùn lọ, ìwọ nìkan lò ń rìn létí òkun. Tó o bá ní kẹ́ ẹ jáde, á ní "a ti sanwó níbí, kí la tún fẹ́ náwó sí níta?" Ẹ ti dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò sì bára yín sọ nǹkan kan ju owó iná àti ta ló máa lọ mú ọmọ nílé ìwé.

Ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà ẹ ni ti Abeokuta. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́, o rí i lórí fóònù pé abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yín, ní agbègbè Westmoreland, apá tó pọ̀ nínú Negril náà sì rèé, Westmoreland ló wà. O bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ kan péré, ó fèsì pé "ṣé o ò mọ Abẹ́òkúta rí ni?" Bóyá kò mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin pátápátá níbẹ̀ ní 1838, àwọn èèyàn wa ṣì tún ń dé, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akóniṣẹrú, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá kó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí Westmoreland àti Hanover, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn ò lè padà sílé mọ́, wọ́n wá fi orúkọ ilé sọ ibi tí wọ́n wà. Ibẹ̀ lo fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo mọ ìdí tó o fi sunkún ní bálùwẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́ o. O ní ọdún méjì ló fi gba ófátáìmù, iṣẹ́ òru, kó tó kó owó yẹn jọ. Oṣù Kejì sì wà lára ìgbà tí owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n jù níbẹ̀, torí òjò ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ìgbà ìjì líle (June sí November) ti kọjá, òtútù sì ń lé àwọn èèyàn sá kúrò nílùú òyìnbó. Ẹni tó fi oorun ojú ẹ̀ san irú owó bẹ́ẹ̀, kò ní fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ibi tó ti ṣì í ṣe ni pé owó yẹn ti lọ látọjọ́ tó ti san án, ì báà mu ife kan, ì báà mu ogún, kọ́bọ̀ ò ní padà wá. Ọjọ́ méje yẹn ló ṣì wà lọ́wọ́ yín, ó wá fi sùn.

Wàyí o, báńdì. O kàn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní, ó fi ń wẹ̀, ó fi ń wa bọ́ọ̀sì, àwọ̀ báńdì náà ti ṣí, etí ẹ̀ ti ń já, pé tó o bá ti rí i inú á bí ẹ. Àlùmọ́gàjí wà nílé yín, àbí? Ó lè gé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé. Lójú tèmi, inú ọkùnrin yẹn dùn pé òun gbé ìyàwó òun lọ síbẹ̀, ó sì ń retí kẹ́nì kan sọ fún òun pé o ṣeun. Ṣé o ti sọ ọ́? Mo wá a nínú lẹ́tà ẹ, mi ò rí i.

Ti ọtí, o ní nílé kì í ju bíà kan lọ ní Sátidé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má pè é ní ọ̀mùtí mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dọ́gbẹ́. Tó bá jẹ́ pé látìgbà tẹ́ ẹ dé ló ti ń mu ún lójoojúmọ́, ẹ lọ rí GP yín, dókítà àdúgbò yín, má fi falẹ̀.

Ní Sátidé yìí, ra ackee alágolo. Nǹkan tó o jẹ láàárọ̀ níbẹ̀ tó o ní ó dà bí ẹyin díndín yẹn, iṣin ni o! Iṣin tiwa, ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti dé Jàmáíkà, ó ti di èso orílẹ̀-èdè wọn. Alágolo ni kó o rà ṣá, torí tútù tí kò bá tíì la ẹnu fúnra ẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Sè é pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, pa fóònù, kó o wá sọ pé "Dádì, ẹ ṣeun." Dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí dáadáa kó o tó wá sọ pé òun lo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ létí òkun yẹn, kó o sì sọ ìtàn Abeokuta fún un, gbogbo ẹ̀, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi.

Tẹ́ ẹ bá tún máa lọ, láti Lọ́ńdọ̀nù ni kẹ́ ẹ ti yan ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ máa jáde, kẹ́ ẹ san owó mọ́tò àti ti ẹni tó máa mú yín kiri ṣáájú. "A ti sanwó ẹ̀" lọ̀rọ̀ tó yé e, òun fúnra ẹ̀ ló máa jí ẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.