Houston tàbí Phoenix: níbo ni ooru ti le jù?

Ẹ béèrè pé nínú ìlú méjèèjì yìí, níbo ni ooru oṣù keje ti le jù fún ẹni tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ ti òǹkà, Phoenix ni. Ọ̀sán ibẹ̀ máa ń tó 41°C, ti Houston sì jẹ́ nǹkan bí 35°C. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀léra wọn ni ọ̀sán Phoenix fi ju 43°C lọ!

Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni Phoenix, òógùn á ti gbẹ kí ẹ tó nù ún. Houston ò jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi bíi ti Èkó. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn, bí ẹ bá sì jáde láti inú ilé tí AC ti tutù dáadáa, awò ojú yín á ṣú lójijì. Alẹ́ pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù.

Lójú tèmi, Houston ló ń tánni lókun jù, Phoenix ló léwu jù, torí ẹ ò ní mọ bí omi ṣe ń tán lára yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé omi dání níbẹ̀.