Ohùn Rẹ̀ Wà Lórí Fóònù Mi: Ṣé Ó Lè Bá Mi Gba Owó Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mí ní Ṣómólú, ara mi ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà kan pè mí lórí fóònù pé kí n ya àwòrán tí òun yóò máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò epo òun. A dúnàá-dúrà títí a fi fẹnu kò sí ₦250,000, ó sì fi ₦80,000 ránṣẹ́. Ó ti gba iṣẹ́, ó ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ó ní ₦80,000 náà ni gbogbo owó tí a jọ sọ. Kò mọ̀ pé mo gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Ṣé àdéhùn tí a kò kọ lè mú un? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé ohùn náà sórí WhatsApp kí ojú lè tì í.
Ayàwòrán, Ṣómólú

ÌDÁHÙN: Àdéhùn ẹnu fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ti sọ ohun tó fẹ́, tí ẹnì kejì gbà, tí owó sì wà láàárín wọn. Díẹ̀ ni èyí tí òfin ní àfi kí a kọ: títa ilẹ̀, ṣíṣe onídùúró gbèsè ẹlòmíràn, àti èyí tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, gbígbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́-ọnà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022 sọ pé ẹni tó ya àwòrán ló ni í, àyàfi bí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Nítorí náà, àyè láti lo àwòrán yẹn nìkan ni oníbàárà yín rí gbà. Kò tíì di tirẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni kò mọ èyí.

Ẹ̀rí ni ìṣòro, torí ẹni tó bá béèrè gbèsè ni yóò fi hàn pé gbèsè wà. Ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ báńkì yín, ní pàtàkì ọ̀rọ̀ kékeré tí ó kọ mọ́ ₦80,000 náà. Bí ó bá kọ “àsansílẹ̀” síbẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí fún yín.

Ní ti ohùn, ohun tí abala 12 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti 2015 dojú kọ ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn máa jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 pàápàá fún adájọ́ láyè láti gba ẹ̀rí tí a rí lọ́nà tí kò tọ́, bí kò bá rí i pé aburú gbígbà á ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abala 84 fẹ́ kí ẹ fi hàn pé ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ìwé ẹ̀rí tí a fọwọ́ sí sì tẹ̀ lé e. Ẹ má gé ohùn náà kúrú, ẹ má sì ta fóònù yẹn. Bí oníbàárà bá wà ní California, ẹ má dán an wò, nítorí òfin ibẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fọwọ́ sí i kí a tó gbà á sílẹ̀.

Rárá ni ìdáhùn mi sí ti WhatsApp. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀ orí fóònù, bí ẹ bá sì tún kọ “gbájúẹ̀” sí i lára, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó lẹ ó máa jẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́.

Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí gbèsè kéékèèké wà l’Ékòó láti 2018, ó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ sì lè rojọ́ fúnra yín. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó náà. Ọdún 6 ni òfin Èkó fún irú gbèsè báyìí, nítorí náà ẹ má kánjú bínú.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lónìí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú ₦250,000 tí a jọ sọ lórí fóònù fún àwòrán ìgò epo yín, ₦80,000 ti wọlé, ó ku ₦170,000. Ọjọ́ wo ni kí n máa retí rẹ̀?” Bí ó bá fèsì pé kí ẹ ní sùúrù títí oṣù yóò fi parí, ẹ ti ní àkọsílẹ̀ tí ẹ kò ní nígbà tí ẹ kọ lẹ́tà yín sí mi.