Ìyá Mi Ń Jẹ Atare Láràárọ̀: Ṣé Kí N Máa Lọ̀ Ọ́ Sílẹ̀ fún Wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hóró atare ni ìyá mi máa ń jẹ ní àràárọ̀. Wọ́n ní ó ń fún àwọn lókun, ó sì ń fọ inú ara mọ́. Mo fẹ́ lọ̀ ọ́ sínú ìgò kí wọ́n lè máa bù ú sí ẹ̀kọ mímu. Ṣé agbára rẹ̀ kò ní dínkù? Ṣé lóòótọ́ ló sì ń ṣe ara lóore?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá la odidi atare kan, ẹ ó rí i bí àwọn hóró pupa rúsúrúsú ṣe fún mọ́ra nínú awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá sì fi eyín fọ́ ẹyọ kan, òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ gba imú kí títa rẹ̀ tó dé ahọ́n. Òróró tó tètè ń fò lọ ló ń mú òórùn yẹn wá, nítorí náà, gbàrà tí a bá ti lọ atare ló ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Mọ̀lẹ́bí atalẹ̀ ni atare. Àwọn èròjà tó ń ta nínú rẹ̀, ìyẹn paradol, gingerol àti shogaol, wà lára àwọn tí a ń pè ní antioxidant. Bí ara ṣe ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ kó lè rí agbára, àwọn mólíkù (èérún tín-ín-tín) aláìfararọ kan máa ń yọ jáde, wọn a sì máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Antioxidant ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní yàrá ìwádìí, a máa ń da omi tí a fà jáde lára atare sínú kẹ́míkà aláwọ̀ elésè-àlùkò, bí àwọ̀ náà bá sì ti ń ṣí, tó ń di àwọ̀ ìyeyè, a mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Atare ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n ìgò ìdánwò kì í ṣe ikùn ènìyàn.

Ní ti oúnjẹ aṣaralóore, hóró rẹ̀ ní ọ̀rá, purotéènì àti àwọn èròjà bíi áyọ́ọ̀nù (iron), àmọ́ hóró méje kò wúwo tó gíráàmù kan, ẹ má fi rọ́pò ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Iná kò sì pa agbára rẹ̀ tán, torí pé bí gingerol bá gbóná, shogaol ló ń dà, èyí tó ń ta ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń fọ inú ara ni n kò fara mọ́: ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí màmá bá ní ọgbẹ́ inú, kí wọ́n dá a dúró. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n sọ fún dókítà wọn pé àwọn ń jẹ ẹ́, torí a ti rí i lára eku pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ẹ gún hóró mélòó kan nínú odó kékeré láàárọ̀, kí ẹ bù ú sí ẹ̀kọ wọn lójú ẹsẹ̀, kí ìyókù ṣì wà nínú èèpo rẹ̀.