Èsì: Celilo tí ẹ wá tí ẹ kò rí

Ẹ kú ìrìnàjò o. Ẹ ní ẹ wá wo Celilo, òṣọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ti ń pẹja, àmọ́ omi tó dákẹ́ nìkan lẹ bá. Ẹ kò ṣìnà. Ibi tí ẹ dúró sí létí odò Columbia ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, yẹn gan-an ni Celilo wà, omi ló bò ó. Ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1957 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsédò The Dalles. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, omi ti bo àpáta tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń kó ẹja sámọ́nì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi bá omi tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Lọ́dún 2008 wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìsàlẹ̀ odò náà: àpáta yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ká ní wọ́n fọ́ ọ ni, bóyá ì bá má dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹja pípa lẹ fẹ́ wò, ẹ lọ sí Sherars Falls, òṣọ̀rọ̀ omi mìíràn lórí odò Deschutes, nítòsí ìlú Maupin. Omi ibẹ̀ ṣì ń hó yaya. Àwọn ará Warm Springs, àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà, máa ń dúró lórí pèpéle pákó tí wọ́n kàn mọ́ àpáta, wọ́n á ti àwọ̀n olọ́wọ́ gígùn bọ inú ìfóòfó níbi tí ẹja ti ń sinmi kó tó fò.

Àmọ́ ìgbà tí sámọ́nì bá ń gòkè nìkan ni o. Ẹ má gun pèpéle yẹn rárá, oní-nǹkan ló ni ín. Ẹ̀tọ́ ẹja pípa wọn wà nínú àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1855.

Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ rọ́bà lẹ fẹ́ gbà wá láti Maupin, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé Sherars Falls.