Oúnjẹ ojú títì ní Lahore: ẹ má bẹ̀rù iná, omi ni kí ẹ ṣọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wolé-wolé. Ohun èlò iṣẹ́ abẹ ni mo ń tà fún àwọn ilé ìwòsàn n'Íbàdàn. Lóṣù kọkànlá, mo fẹ́ lọ rajà ní Sialkot ní Pakistan, n ó sì lo ọjọ́ mẹ́rin ní Lahore. Mi ò fi bò, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń dín létí títì ló máa ń wọ̀ mí lójú. Àmọ́ ẹnì kan tá a jọ ń ṣòwò lọ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ya ìgbẹ́ gbuuru nínú òtẹ́ẹ̀lì. Ṣé kí n kúkú di gàrí àti bisikíìtì lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ di gàrí bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹni tó dé Lahore tó jókòó sí yàrá tó ń mu gàrí ti fi owó ọkọ̀ òfuurufú ṣòfò. Mo ti débẹ̀ rí. Ohun tí mo rí kò yàtọ̀ sí ohun tí mò ń bá àwọn olóúnjẹ fà lójoojúmọ́ nílé. Ohun tó bá ń hó lórí iná kì í sábà dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ohun tó bá kan oúnjẹ lẹ́yìn tó kúrò lórí iná ló ń ṣe é, omi ló sì ṣáájú wọn.

Ẹ wo gol gappa. Ó rí roboto, ó fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó ń tà á á fi àtàǹpàkò dá ihò sí i lórí, á ki pòtétò àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní chana bọ inú rẹ̀, á wá ri ọwọ́ bọ ìkòkò omi tí wọ́n fi àjàgbọn àti ewé mint ṣe, á bu omi náà kún un, á nà án sí yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ yẹn wọ inú omi kó tó kàn yín, ọwọ́ kan náà tó ń gba owó. Èèpo dídín yẹn kò ní wàhálà kankan. Omi tútù tí wọn ò sè yẹn ni mo ní kí ẹ sá fún.

Nihari ní tirẹ̀, gbogbo òru ni wọ́n fi ń sè é. Ẹran itan màlúù ni, nínú ọbẹ̀ tó ki. Nahar tó jẹ́ ojúmọ́ lédè Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ láàárọ̀. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì fi náànì jẹ ẹ́, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ààrò amọ̀ tó ń jó. Paye náà wà, ẹsẹ̀ ẹran tí wọ́n sè títí omi rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹni tó bá ti jẹ bokoto rí kò nílò àlàyé lọ́wọ́ mi.

Taka tak, etí yín ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ń gé kíndìnrín, ọkàn àti ọpọlọ ẹran wẹ́wẹ́ lórí agbada ńlá, ìró irin yẹn ló sì di orúkọ oúnjẹ. Ojú yín ni wọ́n ti ń sè é. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní kebab tó ti sùn sétí ààrò, ẹ sọ pé "garam garam", bí àwa náà ṣe ń sọ pé gbóná-gbóná. Ìrẹsì biryani tó ti tutù láti àárọ̀, ẹ má tọ́ ọ wò bí wọ́n bá tiẹ̀ tún un gbé kaná: oró tí kòkòrò kan ń tú sínú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, iná kejì kì í pa á.

Àlùbọ́sà tútù àti chutney, ọbẹ̀ tútù tí wọn ò sè, tí wọ́n ń gbé síwájú yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta ohun mímu pé "baraf nahi, bhai", ìyẹn ni pé ẹ ò fẹ́ yìnyín. Láṣì tí wọ́n fi wàrà kíkan pò dára, àmọ́ tí wọ́n bá bu omi jáàgì lé e lójú yín, ẹ máa lọ. Tíì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ mílíìkì ni kí ẹ máa mu. Omi inú ike, ẹ gbọ́ kí ìdérí rẹ̀ ró "kà" kí ẹ tó sanwó.

Wọ́n ní wolé-wolé tiwọn náà, Punjab Food Authority, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní ìpínlẹ̀ Punjab tí Lahore wà, òfin ọdún 2011 ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ olóúnjẹ pọ̀ ju ojú wọn lọ, ṣé a ò kúkú mọ ìyẹn nílé ni?

Ibi tí mi ò ní fi ṣeré rèé: ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tá à ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2016, irú rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Sindh ní Pakistan, tí ọ̀pọ̀ oògùn tá a gbára lé kò ràn mọ́. Ọdún 2019 ni Pakistan fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sínú èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ṣètò káàdì ibà pọ́njú, ẹ gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò. Tí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà dé, ẹ má ra sípúrò ní kẹ́míìsì, ó wà lára àwọn oògùn tí kò ràn án mọ́. Ẹ lọ ilé ìwòsàn, kí ẹ sì dárúkọ Pakistan fún dókítà kó tó béèrè.

Ìgbẹ́ gbuuru lásán, ORS ni, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà. Ó wà ní kẹ́míìsì ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Tí ẹ ò bá rí i, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí wọ́n má ga jù ojú ṣíbí, sínú lítà omi mímọ́ kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ara bá ń gbóná, dókítà ló kàn.

Èéfín ojú ọ̀run Lahore lóṣù kọkànlá pọ̀ gan-an, ẹ mú ìbòmú dání. Bisikíìtì yẹn náà, ẹ gbé e: ẹ ó rí i jẹ nínú ọkọ̀ Sialkot.